Ìdọ̀bálẹ̀ Mùnírù

Ìpá ni Mùnírù ní. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju ẹyin adìẹ lọ, àmọ́ nígbà tí bùbá kò lè bò ó mọ́, ó yọ́ lọ sí ọsibítù kan ní Ìlaròó, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀, ó sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Toheebat ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìpá kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń sọ láàárín ọjà, pàápàá ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì bímọ.

"Ẹ má gbé ẹrù, ẹ má gun ọ̀kadà, ẹ má fipá na ara yín," ni nọ́ọ̀sì kìlọ̀. "Bó bá wú lójijì, ẹ sáré wá. Ẹ má dúró dọ̀la o."

Ó gbọ́. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ta ló tún kan ilẹ̀kùn bí kò ṣe Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, bàbá Toheebat, tó gbé iṣu wá láti Imasayi. Ta ló tó jókòó kí àna rẹ̀? Bó bá sì jókòó, bàbá á béèrè ohun tó ṣe é. Toheebat ń ṣẹ́jú sí i, àmọ́ Mùnírù ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó na ara rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀, àtàyà àtikùn. Ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan já.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o," ló ń wí, tó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

Kí iṣu tó jinná, ẹpọ̀n rẹ̀ ti wú ju ìpá tó lọ gbé sọnù lọ, ó le, ó dúdú. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ọmọ ló ń rò. Bí wọ́n bá gé e dànù ńkọ́? Ta ni yóò pè é ní bàbá láéláé? Síbẹ̀, ìrọ̀rí ló fi dí ẹnu, kí àna rẹ̀ má baà gbọ́ igbe rẹ̀ ní pálọ̀.

Toheebat ló kọ̀ láti bò ó mọ́lẹ̀. Ó jáde lọ bá bàbá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá sáré lọ wá mọ́tò.

Ní ọsibítù, dókítà tú ojú ọgbẹ́, ó kó ẹ̀jẹ̀ dídì jáde. "Kóró ẹpọ̀n yín méjèèjì ṣì wà láàyè," ó ní. "Bí ẹ bá pẹ́ sí i..." Mùnírù sunkún bí ọmọdé.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wọlé. Kí Mùnírù tó ronú, ó ti ń fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ dìde láti kí i.

"Dùbúlẹ̀ síbẹ̀!" Bàbá fọwọ́ méjèèjì tì í padà. "Èyí tó o kí mi láàárọ̀ yẹn, ó tó mi dé sàréè."