Ọkùnrin Ìtẹ̀wé Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún yín kí n tó gbàgbé. Mo wà nínú kọ̀ǹpútà mi, èyí tó ń lo ètò Linux yẹn, ó sì ti di pálọ̀. Àwọn ètò kéékèèké tó máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ti di èèyàn, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ agbára ẹ̀rọ bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà. Èyí tó wà fún ìtẹ̀wé ló sanra jù. Mi ò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí, àmọ́ ọ̀bọ yìí ń fi ahọ́n lá bébà funfun, ó ń tò ó jọ bíi pé ọba ló rán an. Mo ní, "Dìde, ọ̀lẹ." Ó jáde. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án, ó tún ti jókòó.

"Ta ló pè ọ́?"

"Ẹ ní kí n dìde ni, ẹ ò ní kí n má padà wá. Tí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, mo máa ń wọlé."

Mo tì í síta, mo fi ìṣó kan ilẹ̀kùn pa. Ọ̀kan tín-ín-rín wà ní igun, ó ní ohùn lòun ń bójú tó. Mo ní ìyẹn náà ò wúlò, mo jù ú gba ojú fèrèsé. Mo yíjú sí ẹni tó kàn, mo la ẹnu kí n bú u, ohùn kò jáde. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo jí.