Bàbá Wáyà àti Ojú Ìwé Iná

Irọ́ tí Bàbá Wáyà máa ń pa kò tóbi, kò sì gùn. Gbólóhùn kan péré ni: "Mo gbàgbé awò ojú mi sílé." Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, gbólóhùn kan náà yẹn ló ti ń yọ ọ́ nínú wàhálà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri títí di ìgbà tó funfun báláú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa so wáyà sínú páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn àpótí irin gàgàrà tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ ńláńlá. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́ náà. Wáyà tó bá ti gba ọwọ́ Bàbá kọjá á tò lẹ́sẹẹsẹ bí irun tí onídìrí gidi dì. Àwòrán tí wọ́n máa ń yà sórí ìwé kí wọ́n tó so wáyà kankan ni ìṣòro rẹ̀. Ojú ìwé tó ní mọ́tò, ó mọ̀ ọ́n. Ojú ìwé tó ní bọ́tìnì, ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kìíní, tí wọ́n ń pè ní ojú ìwé iná, èyí tó ń fi hàn ibi tí iná gbà wọlé àti bí wọ́n ṣe pín in, há! Àmì ibẹ̀ kò yé e rárá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, Bàbá ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.

Nítorí náà, bí àwòrán tuntun bá dé, Bàbá á gbà á, á tẹjú mọ́ ọn, á mi orí bí adájọ́. Lẹ́yìn náà á fọwọ́ kan àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, á mí kanlẹ̀.

"Ṣé ẹ rí nǹkan? Mo tún ti gbàgbé awò ojú mi sílé. Ìyàwó, wá bá mi kà á."

Ìyàwó tó ń pè yìí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni, òun náà sì ló ń ya àwòrán ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó á wá, á kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe lóore. Kò fìgbà kankan sọ pé awò ojú tí wọ́n gbàgbé sílé ń yọ góńgó nínú àpò ẹ̀wù tí wọ́n ń fọwọ́ kàn yẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ohun kan wà tí Bàbá fẹ́ràn ju owó oṣù lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹni tó bá so wáyà páńẹ́ẹ̀lì ló ń tan iná rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, gbogbo wọn á kó sẹ́yìn Bàbá. Á nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sára ṣòkòtò, á di súwíìṣì ńlá mú, á ní, "Ẹ̀yin iná, ẹ wọlé wá o!" Á wá yí i. Gílóòbù kéékèèké á tàn, pupa, àwọ̀ ewé, funfun, inú Bàbá á sì dùn débi pé bó bá délé, ìyàwó rẹ̀ á ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ti tún tan nǹkan lónìí," ni Màmá máa ń wí. "Ẹ̀ ń rìn bí ọkọ ìyàwó."

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí wọ́n parí páńẹ́ẹ̀lì ilé-iṣẹ́ kan tó ń rọ omi ọsàn sínú ìgò. Bàbá ti so wáyà rẹ̀ tán, ó ti ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ni Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù bá jáde sí wọn.

"Bàbá, àwọn tó ni iṣẹ́ ránṣẹ́ o. Wọ́n máa rán alábẹ̀wò wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá máa tan iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ojú ìwé iná fún alábẹ̀wò náà, látòkè délẹ̀. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan súwíìṣì."

Ọwọ́ Bàbá dúró lára ṣòkòtò.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ṣe é ni," Ọ̀gá béèrè, "àbí ká ní kí Ìyàwó ṣe é?"

"Ìyàwó bíi ti báwo? Ta ló so wáyà rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ ṣáà má gbàgbé awò ojú yín sílé lọ́jọ́ náà o."

Ikọ́ bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, àfi ikọ́ ṣáá.

Bàbá ò lè jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá gba súwíìṣì yẹn lọ́wọ́ òun, kí ló kù tí òun ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù? Ó mọ ẹni tó lè kọ́ òun, ẹni náà ò jìnnà, ojúde kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni bàbá ọkọ fi ń sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé, "Wá kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ọ"?

Kò sì pọn dandan kó sọ ọ́. Ní ọ̀sán Sátidé, Ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀ ní fàráńdà, ó tẹ́ ojú ìwé iná sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò. Ojú ọmọdé ni mo fi yà á, mo lè ti ṣì í. Ẹ bi mí ní ìbéèrè, kí n lè mọ̀ bóyá ó yé èmi fúnra mi."

Bàbá wò ó. Ó wo ìwé. Ẹni tí wọ́n gbé àkàbà fún tí kò gùn ún, òun ló fẹ́ sùn nísàlẹ̀. Ó yọ awò ojú nínú àpò, ó fi sójú.

"Ó dáa. Ìlà márùn-ún tó wà lókè pátápátá yìí ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n o. Ìwọ ni mò ń bi."

"Iná tó ń tìta bọ̀ ni, Bàbá. Mẹ́ta ló ń gbé iná wọlé, ìkẹrin ni ọ̀nà tí iná gbà padà, ìkarùn-ún ni ti ilẹ̀."

"O gbìyànjú. Àwọn ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ léra wọn, tí ìsàlẹ̀ kúrú ju òkè lọ?"

"Ilẹ̀ náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni iná tó bá ṣáko lọ máa ń gbà wọlẹ̀, kó má baà gbé èèyàn."

"Hẹn-ẹn. Òrùka méjì tó wọnú ara wọn?"

"Tírànsífọ́mà ni. Ó ń dín agbára iná kù, ṣùgbọ́n iná náà ò yí ìwà padà. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tó ń wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tó jáde."

Bàbá mi orí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mi í tọkàntọkàn.

"Àpótí tí wọ́n fi ìlà dábùú là sí méjì yìí wá ńkọ́? Ó ní nǹkan tó lọ́ bí ejò ní igun kan, ó ní ìlà gbọọrọ ní igun kejì, ìlà gígé-gígé sì wà lábẹ́ rẹ̀."

"Páwà sọ́pùláì ni, Bàbá. Ejò yẹn ni iná ìta, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìlà gbọọrọ pẹ̀lú gígé-gígé ni iná bíi ti bátìrì, tó ń lọ síwájú nìkan. Ó wọlé bí ejò, ó jáde bí ọ̀pá. Iná ọ̀pá yẹn nìkan ni ọpọlọ páńẹ́ẹ̀lì lè mu." Ọpọlọ ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀rọ.

"Bí èèyàn bá ṣèèṣì fún un ní iná ejò ńkọ́?"

"Á jóná kú, Bàbá."

"Ejò wọlé, ọ̀pá jáde," Bàbá sọ jẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀. Nǹkan náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí ni òun fi ń parọ́ látọdún yìí wá?

Ohùn Màmá jáde láti inú yàrá. "Bàbá, ta ló ń kọ́ ta níbẹ̀ yẹn ná?"

"Mò ń dán ọmọ wò ni!"

"Ẹ rọra dán an wò o. Kó má lọ mọ̀ ọ́n jù yín lọ."

Ìyàwó tẹrí ba, ó ń wo ìwé. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún.

Nígbà tí alábẹ̀wò dé, obìnrin kúkurú kan ni, ó gbé mítà ìwọnná kọ́ ìbàdí, ẹ̀rín ò sì sí lójú rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù kó sẹ́yìn Bàbá. Bàbá ki ọwọ́ sápò àyà, ó yọ awò ojú jáde jẹ́jẹ́, ó nù ún, ó fi sójú.

"Ẹ̀n! Wọ́n mú un wá lónìí!" Ọ̀gá pariwo, àwọn ikọ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tẹ́ ìwé síwájú alábẹ̀wò. Ó fi ìka lé ìlà márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀. Iná ìta nìyí, ti ilẹ̀ nìyí, tírànsífọ́mà nìyí, ìwà rẹ̀ ò yí padà. Ó ń sọ̀rọ̀ geere, ikọ́ sì ti dáwọ́ dúró. Alábẹ̀wò ń mi orí. Orí Ìyàwó wú lẹ́yìn wọn.

"Èyí ni páwà sọ́pùláì," ni Bàbá wí. "Ejò wọlé, ọ̀pá jáde. Láti ibí ni wáyà ti lọ bá ọpọlọ. Àpótí ọwọ́ òsì ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yà á."

Ó gbójú sókè kó fi han alábẹ̀wò nínú páńẹ́ẹ̀lì. Ìka rẹ̀ bá dúró lófuurufú.

Àpótí méjì ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ eérú méjèèjì, wọ́n jọra bí ìbejì. Nínú gbogbo páńẹ́ẹ̀lì tí Bàbá ti so láyé rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni páwà sọ́pùláì máa ń wà, tírànsífọ́mà á wà lósì. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, nítorí àyè, Ìyàwó pààrọ̀ wọn. Ó kà á fún un lọ́jọ́ náà, ó sì sọ ọ́ kedere. Etí gbọ́, ọwọ́ ò gbọ́. Ọwọ́ ti lọ síbi tó mọ̀. Wáyà ọpọlọ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, lára tírànsífọ́mà, ó tò rèǹtè-rente.

"Ó dáa gan-an," ni alábẹ̀wò wí. Ó pa ìwé dé. "Ẹ lè tan án, Bàbá."

Bàbá gbé ọwọ́ lé súwíìṣì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi òun. Bó bá yí súwíìṣì, ọpọlọ á jóná, ohun tí wọ́n á sì kọ́kọ́ bi ni pé ta ló ya àwòrán. Orúkọ Ìyàwó ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Bó bá sì lanu sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ìgbà èwe ni yóò tú síta lójú àwọn tó ń pè é ní Bàbá. Ojú ti ń tì í tẹ́lẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ó yọ ọwọ́ kúrò lára súwíìṣì.

"Ẹ dúró. Mi ò ní tan án." Ohùn rẹ̀ kéré. "Wáyà ọpọlọ wà lára tírànsífọ́mà. Àwòrán ò ṣì o. Èmi ni mo ṣì í. Nígbà tí mò ń so ó, mi ò mọ ojú ìwé yìí í kà. Mi ò mọ̀ ọ́n kà rí. Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́ mi ní Sátidé tó kọjá."

Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ wáyà náà láti ìdí dé orí, ó dìde.

"Òótọ́ lẹ sọ," ló wí. "Mo ti bẹ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wò. Àwòrán ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù. Ẹ tún un so, mò ń dúró."

Bàbá tú wáyà, ó gbé e lọ sósì, ó dì í. Alábẹ̀wò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Súwíìṣì ló kù. Gbogbo wọn kó sẹ́yìn Bàbá bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n Bàbá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wá tan án. Súwíìṣì yìí ò tọ́ sí mi mọ́."

Ìyàwó bọ́ síwájú. Ó wo súwíìṣì. Ó wo Bàbá. Ó wá fọwọ́ kan àyà ẹ̀wù rẹ̀, níbi tí kò tiẹ̀ sí àpò kankan, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo gbàgbé awò ojú mi sílé."

Ìyàwó ò lo awò ojú rí láyé rẹ̀.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, alábẹ̀wò pàápàá yíjú sí ògiri. Bàbá ń wo ọmọ náà. Ó mọ̀ ọ́n látìgbà yìí wá! Gbogbo àárọ̀ tó ń kúnlẹ̀ kí òun yẹn, ó mọ̀ ọ́n! Omijé bo ojú Bàbá, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "màá rí ọ nílé."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sára ṣòkòtò, ó di súwíìṣì mú. "Ẹ̀yin iná," ló bẹ̀rẹ̀, ó wá bojú wẹ̀yìn wo Ìyàwó. Ìyàwó ló bá a parí rẹ̀ látẹ̀yìn.