Páálí Tó Dorí Kodò

Nígbà tí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé lẹ máàkì ìdánwò àṣewò físíìsì mọ́ ara ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ya bò ó bí eṣinṣin tó rí egbò. Nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti di ọlọ́lá.

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ́ńjìnnì, nítorí pé kò sí ohun tí kì í tú palẹ̀ kó lè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, gba mọ́kànlélógún. Ẹni tí kò bá sì gba àádọ́ta, ọ̀gá ilé-ìwé ò ní fọwọ́ sí i kó ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lọ́dún yìí. Á tún padà wá bá àwọn àbúrò ẹ̀ jókòó sí bẹ́ǹṣì kan náà.

"Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì," ẹnì kan sọ lẹ́yìn ẹ̀.

"Ìwọ tó o gba mẹ́rìnlá, o ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀," Ẹ́ńjìnnì dá a lóhùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yege: Sùn-ún-re, ọmọkùnrin tó máa ń sùn láti àárọ̀ títí aago á fi lù. Mọ́kànléláàádọ́rin ló gbà.

"Ta lo wò?" ni wọ́n bi í.

"Ta ni ǹ bá wò nínú yín? Ṣé onímẹ́rìnlá ni?"

Ẹ́ńjìnnì fà á lápá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Oorun ṣì wà lójú mi nígbà tí wọ́n pín ìwé ìdáhùn. Róbótó tí à ń kùn nìkan ló kún inú ẹ̀, kò ní nọ́ńbà, mi ò sì mọ̀ pé mo dorí ẹ̀ kodò. Ìgbà tí mo fi máa rí i, mo ti kùn ún dé ìdajì. Ta ló fẹ́ lọ tọrọ òmíràn lọ́wọ́ tíṣà físíìsì? Mo bá kúkú kùn ún lọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì mọ bí tíṣà náà ṣe ń máàkì. Tíṣà ní páálí kan tó fi ìṣó lu ihò sí, ihò kọ̀ọ̀kan níbi tí ìdáhùn tó tọ̀nà wà. Á gbé e lé ìwé ọmọ lórí, á sì ka iye ihò tí dúdú bá ti yọjú. Ọgbọ́n náà wu Ẹ́ńjìnnì gan-an. Àmọ́ páálí ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Bí ẹni tó dorí ìwé kodò bá yege, tí àwọn tó gbé tiwọn bó ṣe yẹ sì fìdí rẹmi, a jẹ́ pé páálí gan-an ló dorí kodò.

"Bí mo bá lọ sọ ọ́," ó ní, "ó lè já ìwọ lulẹ̀ o."

Sùn-ún-re yán. "Màmá mi ò tíì gbọ́. Yára lọ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi mí yangàn káàdúgbò."

Tíṣà físíìsì ń mu tíì nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ó gbọ́ ọ dópin, ó sì gbé ife sílẹ̀.

"O fẹ́ sọ pé mi ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí?"

"Rárá o, sà. Páálí ni ò mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gé igun kan lára ẹ̀, ẹ ò ní ṣì í gbé mọ́."

Tíṣà fa ìwé Ẹ́ńjìnnì yọ, ó yí páálí padà, ó sì kà á. "Méjìdínláàádọ́rin," ó ní, bí ẹni tí wọ́n fipá fa eyín ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, tíṣà gbé páálí lé ìwé Sùn-ún-re. Mọ́kàndínlógún. "Ọmọ yìí ló máa tún kíláàsì yìí kà."

"Ó mọ ìdáhùn, sà. Ìwé ẹ̀ ló dorí kodò, kì í ṣe ọpọlọ ẹ̀."

"Kí n wá sọ fún ọ̀gá pé ọmọ dorí ìwé kodò, èmi náà dorí páálí kodò?"

"Tẹ́ ò bá sọ ọ́, sà, gbogbo kíláàsì á bá yín sọ ọ́."

Tíṣà mú sísọ́ọ̀sì, ó gé igun páálí náà, ó sì jẹ́ kí máàkì Sùn-ún-re wà bó ṣe wà.

Nígbà tí Ẹ́ńjìnnì padà dé kíláàsì, ọmọkùnrin náà ti nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì. Inú Ẹ́ńjìnnì dùn pé òun á ṣe ìdánwò gidi. Inú sì ń bí i pé ẹni tó ń họrun fi máàkì mẹ́ta ju òun lọ.

"Ìgbà wo lo tiẹ̀ máa ń kàwé?"

"Lóru, nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Ariwo yín níbí pọ̀ jù, oorun nìkan ló ṣeé sùn nínú ẹ̀."

"Kọ́ mi bó o ṣe ń ṣe é."

Ó sún ẹsẹ̀ kúrò kó lè ráyè jókòó. "Kọ́kọ́ sùn ná," ó ní.