Òkúta Tó Yẹ Kó Ba Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì

Àyàndá fi òòlù rọ́bà kan táìsì náà lórí, ó gbé lẹ́bẹ́ẹ̀lì lé e, ó wo omi inú rẹ̀, ó tún kan igun òsì díẹ̀. Táìsì náà jókòó dáadáa. Àyàndá kò gbé orí sókè. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìlà méjì péré ló kù, ìdíje Ife Àgbáyé yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní Brazil lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ni ilé ọtí náà ti sọ pé dandan ni kí iṣẹ́ parí lónìí.

Láníyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé garawa sìmẹ́ńtì pípò gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹ.

“Ṣé wọ́n ti dé?”

“Wọn ò tíì dé.”

“Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi wá. Ó wà nínú báàgì.”

“Bọ̀dá mi, sìmẹ́ńtì yìí ti ṣàn jù. Ẹ fi yanrìn díẹ̀ sí i.”

“Má fi yanrìn bo ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. O ti ṣèlérí. O ní tí a bá ti parí, kí n gòkè wá kí wọn.”

“Mo gbọ́. Tí a bá parí.”

Láníyì rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti wọnú, ìpéǹpéjú ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, nítorí náà ojú òsì nìkan ló máa ń bá ẹ̀rín rẹ̀ rìn. Ó gbé garawa, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tí Láníyì ń retí ni Pọ́ọ̀lù Adéníjì, tí gbogbo ará Ẹdẹ ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Ìjì. Ó ti dàgbà báyìí, ó ti sanra, ó sì fẹ́ ṣí ilé ọtí sí òkè ilé kan ní Wuse, ní olú ìlú, níbi tí èèyàn yóò ti máa wo bọ́ọ̀lù. Japheth, agbaṣẹ́ṣe tó mú iṣẹ́ náà wá fún Àyàndá ní Dei-Dei níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, ti kìlọ̀ fún un pé ará Kútọnu nìkan ni ọ̀gá náà fẹ́ fún iṣẹ́ táìsì. Ọ̀gá náà ní Yorùbá ẹlẹgbẹ́ òun máa ń ṣe àwáwí jù. “Ẹ ṣáà pa ẹnu mọ́, kó gbà pé ará Kútọnu ni yín,” ni Japheth wí. “Iṣẹ́ yín ni kí ó rí.” Láti ìgbà náà ni Adéníjì ti ń kí Àyàndá ní Haúsá, tó sì ń fi ọwọ́ júwe ohun tó fẹ́ fún un bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Àyàndá ń mi orí. Láníyì, tí kò lè pa ẹnu mọ́, ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì nìkan ló ń rí, nígbà tí ọkùnrin náà bá ń sọ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Àyàndá nígbà ayé Ìjì, Láníyì sì jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Wọn kò ní owó ìwọlé. Ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe ni pé wọn á dúró sẹ́nu géètì pápá, wọn á di ọwọ́ àgbàlagbà mú: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi wọlé.” Bí àgbàlagbà náà bá ti gbà, ó di bàbá wọn títí wọn ó fi kọjá géètì. Àpọ́n kan wà tó máa ń kó ọmọ mẹ́jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Sátidé kan, ọwọ́ tí Láníyì dì mú, ọwọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó sọ fún aṣọ́géètì pé, “Àbúrò mi nìyí.”

Láti ọjọ́ náà ni orí Láníyì ti dà rú. Ó fi èédú kọ mọ́kànlá, nọ́ńbà Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì, sẹ́yìn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì jẹun, títí ìyá wọn fi gbá ọwọ́ náà bọ́ kúrò nínú àwo. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fi ń gbá bọ́ọ̀lù, òmùgọ̀, kì í ṣe ọwọ́!”

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ pẹ́nárítì dé. Bí Ìjì bá gbá a wọlé, wọ́n gòkè sí ìpele àkọ́kọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá lórí ògiri lọ sínú oko àgbàdo. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí, èrò ti ń pariwo pé, “Ó ti tà á!” Wọ́n yí bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù ká pẹ̀lú òkúta. Láníyì sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà, ó na apá méjèèjì, ó ń ké pé, “Ẹsẹ̀ ń dùn ún ni! Pọ́ọ̀lù ò lè tà wá!” Ibẹ̀ ni òkúta ti bà á lójú. Ó ń kọ́ṣẹ́ wíwa ọkọ̀ akẹ́rù nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò sí ohun tí òun fẹ́ fi olójú kan ṣe. Nígbà tí Àyàndá kọ́ṣẹ́ táìsì, Láníyì gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ ń wọ́. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe di ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì fún àbúrò nìyẹn.

Adéníjì dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Bámiṣayọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n dúró lórí pákó tí Àyàndá tẹ́.

“Sànnu, Kútọnu!” ni Adéníjì kí i.

“Yauwa,” ni Àyàndá fèsì.

“Ṣé ó gbọ́ Yorùbá ni?” Bámiṣayọ̀ béèrè.

“Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.”

Àwòrán ẹgbẹ́ Ìjì fara ti ògiri, ó ń dúró de ìṣó. Bámiṣayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. “Ìwọ rèé. O tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìbẹ́pẹ. Pọ́ọ̀lù, sọ òótọ́ fún mi lónìí. Pẹ́nárítì yẹn.”

“Ìwọ náà! Kò tíì sú ọ?”

“Kò lè sú mi. Ìjì ni mo fi ba ìgbà èwe mi jẹ́.”

Adéníjì rẹ́rìn-ín. “A tà á. Kí a tó wọ pápá la ti gba owó wa.”

“Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún?”

“Ẹsẹ̀ òsì mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè wọlé!”

Bámiṣayọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Olè! Èrò ò pa yín?”

“Wọn ì bá pa wá. Ọmọkùnrin kan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó bá wa gba òkúta. Ó ṣubú. Dírẹ́bà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gbé e, mo ní kó máa lọ jàre.”

Sìmẹ́ńtì gan lórí tírówẹ̀lì Àyàndá. Ó ha á kúrò, ó dà á nù, òun tí kì í fi ẹ̀kún ọwọ́ yanrìn ṣòfò. Ó bu òmíràn. Ó tẹ́ ẹ. Ó gbé táìsì tó kẹ́yìn lé e, ó kàn án títí ó fi dọ́gba. Ó ń ronú pé òun yóò sọ fún Láníyì pé ọ̀gá ti lọ, kí àwọn gba ẹ̀yìn ilé jáde. Ṣùgbọ́n Láníyì kò dúró kí wọ́n pè é. Ó ti fọ ojú, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì! Ìjì tí ń wó ògiri! Ọmọ Ẹdẹ ni mí, sà!”

Adéníjì wò ó, ó wo Àyàndá. “Ẹ kì í ṣe ará Kútọnu?”

“Ẹdẹ ni wá, sà,” Àyàndá wí. “Ọmọ ìyá kan náà.”

Bámiṣayọ̀ wúkọ́.

“Èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì,” ni Láníyì wí bó ṣe ń dìde. “Ọjọ́ pẹ́nárítì. Mo sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, sà? Títí di òní ni wọ́n ń bá mi jiyàn.”

Adéníjì wo ojú tó fọ́ náà. Ó tún wo Àyàndá, ìwò ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àyàndá wojú ilẹ̀, ó fa garawa sìmẹ́ńtì funfun sọ́dọ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Adéníjì wí níkẹyìn. “Kókósẹ̀ mi wú lọ́jọ́ náà.”

“Àyàndá, ṣé o gbọ́? Ẹnu ara wọn!”

Àyàndá kì bá tí sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ń fi sìmẹ́ńtì funfun dí àlàfo. Ṣùgbọ́n ara ti tu Adéníjì, ó sì gbé ọwọ́ lé Láníyì léjìká.

“Wá máa jókòó síbí ní gbogbo Sátidé, lábẹ́ àwòrán yìí. Kí o máa sọ ìtàn náà fún àwọn oníbàárà, kí wọ́n máa wo ojú yẹn. Bíà rẹ ò ní tán láéláé.”

“Ọjà á yá!” Bámiṣayọ̀ wí.

Àyàndá dìde. “Bọ̀dá mi, wọ́n ta bọ́ọ̀lù yẹn. Wọ́n sọ ọ́ níbí báyìí, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn wọ́n. Nígbà tí ẹ ṣubú, àwọn ni wọ́n ní kí dírẹ́bà máa lọ.”

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì gba inú yàrá náà kan. Adéníjì ya ẹnu, ó ní, “Ọ̀rọ̀ àtijọ́…” Láníyì gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

“Ta ló bi ọ́?”

“Bọ̀dá mi, irọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ẹ wá máa—”

“Mo ní ta ló bi ọ́ léèrè? Ìgbà tí mo ń po sìmẹ́ńtì fún ọ, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè mí ní olójú kan, ṣé o rí i kí n bínú? Mo mọ ohun tí ojú mi bá lọ. Ìwọ wá gbà á lọ́wọ́ mi lónìí. Kí lo fẹ́ fún mi dípò rẹ̀?”

Àyàndá nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀.

Láníyì fa etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ kó gún, ó kọjú sí Adéníjì. “Sátidé wo ni kí n kọ́kọ́ wá, sà?”

“Ọ̀rẹ́ mi… bó bá jẹ́ pé…”

“N ó wá. Kókósẹ̀ yín wú. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ má sì sọ ọ́ lọ́nà mìíràn mọ́.”

Adéníjì mi orí. Bámiṣayọ̀ fa àga oníke kan wá, Láníyì sì jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí àlejò.

Àyàndá padà kúnlẹ̀. Ó dí àlàfo tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi fọ́ọ̀mù tútù nù wọ́n, ó yí omi padà, ó tún nù wọ́n títí gbogbo ìlà fi mọ́. Ó fọ tírówẹ̀lì. Ó kó òòlù àti lẹ́bẹ́ẹ̀lì sínú báàgì, ó gbé ẹ̀rọ ìgétáìsì kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ kejì gbé àwọn garawa tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń gbé wọn.

“Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ táìsì tuntun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí di ọ̀la, sà,” ó wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ dúró de ọkọ̀ Dei-Dei.