Nọ́ọ̀tì Kan Tó Ṣẹ́kù

Nọ́ọ̀tì kan ló kù nínú abọ́ tánganran náà, Sísítà sì ń wò ó bí ẹni tó bá àlejò tí kò pè nínú yàrá rẹ̀. Ó mi abọ́ náà. Nọ́ọ̀tì ọ̀hún yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró síbẹ̀. Alùpùpù tí Sísítà ti ń tò pọ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn wà níwájú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, ó sì pé tán: táyà méjèèjì, ìjókòó, iná iwájú, ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò ju orí ìkókó lọ. Kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tó jọ pé ó ń yán hànhàn fún nọ́ọ̀tì.

"Ó ku ẹyọ kan," ó wí.

Ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, ó gbé páálí ọmọ adìẹ lé itan. "Ẹyọ kan kí ni?"

"Nọ́ọ̀tì."

"Fi sápò."

Ọ̀rọ̀ páálí yẹn gba àlàyé. Láti ìgbà tí Bàbá wọn, bí Sísítà ṣe ń pe ọkọ rẹ̀, ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń sọ pé adìẹ lòun máa sìn, inú ṣẹ́ẹ̀dì yìí gan-an ló sì fojú sí. Àmọ́ alùpùpù ló wà níbẹ̀. Tirẹ̀ náà ni, ó rà á nígbà tí irun ṣì kún orí rẹ̀, òun ló sì fi ń gbé Sísítà lọ síbi iṣẹ́ títí ó fi dákú mọ́ wọn lábẹ́ lójú títì lọ́jọ́ kan, tí kò sì jí mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà lábẹ́ tapólì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá wọn lọ ra ogójì ọmọ adìẹ láìbi ẹnikẹ́ni. Inú pálọ̀ ni wọ́n ń gbé báyìí. Wọ́n ti yàgbẹ́ sídìí gbogbo àga, ariwo wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìròyìn lórí rédíò mọ́. Tọkọtaya náà bá ṣe àdéhùn: bí alùpùpù bá fi lè ké kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, ó di ti Sísítà, kí adìẹ wá ibòmíràn gbà. Bí kò bá ké, ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e. Ọjọ́ Sátidé náà nìyí, aago méjì sì ti kọjá.

Àwọn ọmọ wọn rò pé nítorí ìfẹ́ àtijọ́ ni ìyá wọn fi ranrí mọ́ alùpùpù yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Sísítà fi ṣe nọ́ọ̀sì nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ibì kankan, Sísítà á sì fi ohun tó yẹ sí i: ọ̀bẹ, ẹ̀mú, òwú. Kò ṣi irinṣẹ́ gbé fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò la nǹkan kan rí, kò sì rán nǹkan kan pa rí. Bí aláìsàn bá sì gbádùn, tó padà wá dúpẹ́, dókítà ló máa ń béèrè. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri. Ó gbé e kọ́, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ọwọ́ ń yún òun. Ó fẹ́ ṣe ohun kan péré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà á mọ́ òun lọ́wọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn, kò sì lè sọ ọ́ jáde, nítorí gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú láti sọ ọ́, etí ara rẹ̀ ló máa ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ní igun òpópónà wọn, mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Sísítà lè bí i lọ́mọ, síbẹ̀ "ọ̀gá" ló ń pè é, àràárọ̀ ló sì ń gbé ìwé àti gègé lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Sísítà máa ń fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó mú sípánà. Ó kó nọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá kéékèèké, ó sì kọ nǹkan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ẹsẹ̀ òsì." "Ikùn, lápá òkè." "Mi ò mọ̀, bi ọ̀gá." Lánàá, ọ̀gá wá wo iṣẹ́ rẹ̀ nílé. Ó yí alùpùpù náà po, ó fọwọ́ ro inú abọ́ tí Sísítà da àwọn nọ́ọ̀tì tó kù sí, ó mi orí.

"Mọ́mì, iṣẹ́ yín mọ́," ó wí. "Ọ̀la lẹ máa mọ bó ṣe jẹ́." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Fi sápò," Bàbá wọn tún sọ. "Nọ́ọ̀tì kan péré. Alùpùpù ò mọ òǹkà."

"Tí òǹkà ò bá pé, a kì í pa á dé."

"Àwọn ta ni 'a'?"

Òfin yàrá iṣẹ́ abẹ ni. Kí wọ́n tó rán ikùn èèyàn pa, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo ohun tó wọlé àti gbogbo ohun tó jáde. Bí kò bá bára mu, dókítà á dúró, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá, kódà kí ebi máa pa á. Ìgbà kan wà tí Sísítà dá dókítà kan dúró fún odindi wákàtí kan nítorí abẹ́rẹ́ kan. Abẹ́ bàtà dókítà náà ni wọ́n ti padà rí i.

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nọ́ọ̀tì tó tú lára alùpùpù. Ó kúnlẹ̀, ó ka àwọn tó wà níta, ó fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: mọ́kàndínlógójì. Mẹ́jọ yòókù wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ìdérí, níbi tí ojú ò lè dé. Ó lè jẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ méje.

"Mo máa ṣí i," ó wí.

"Sísítà. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi pa á dé."

"Mo mọ̀."

"Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ láago mẹ́rin."

"Kó máa bọ̀."

Ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lórí pákó. Kabúrétọ̀, ohun tó máa ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló kọ́kọ́ yọ, nítorí pé ó dí ọ̀nà. Ó wá kọjú sí ìdérí. Ibi tó ti ń wo inú ihò tóóró kan, kò mọ ìgbà tí òun na ọwọ́ sẹ́yìn. "Sípánà kékeré," ó wí.

Bàbá wọn wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó gbé òòlù sí i lọ́wọ́.

"Ṣé òòlù ni mo ní kẹ́ ẹ gbé?"

"Òun ló sún mọ́ mi."

Sísítà dá a padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sílẹ̀ gbọọrọ. Bàbá wọn rojú, ó gbé páálí adìẹ sílẹ̀, ó wá jókòó ti àpótí irinṣẹ́. Èkejì tó gbé, píláyà ni. Ẹ̀kẹta, sípánà ni, àmọ́ èyí tó tóbi jù. Ìgbà tó máa fi di bí aago mẹ́ta, ọwọ́ Sísítà kì í dúró pẹ́ lófuurufú mọ́, òun náà kò sì dárúkọ ohun tó fẹ́ mọ́.

Ìdérí ṣí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́jọ ni. Gbogbo wọn wà níbi tó yẹ, wọ́n fún pinpin. Ó mú nọ́ọ̀tì inú abọ́, ó dán an wò lára bóòtù kan, lẹ́yìn náà ó dán an wò lára òmíràn. Ó tóbi jù wọ́n lọ. Kódà kò jọ wọ́n: gbogbo irin alùpùpù náà ló ti pọ́n fún ìpẹtà kí òun tó fọ̀ wọ́n, àmọ́ èyí ń dán bí ohun tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn.

"Kì í ṣe ara ẹ̀ ló ti wá," ó wí jẹ́jẹ́.

"Mo sì ní kó o fi sápò," ni Bàbá wọn fèsì.

Ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù dé ṣáájú àkókò. Ó ti ọmọlanke rẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé, ó kí wọn dáadáa, ó wá ń fojú wo alùpùpù náà látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wọn pósí fún ẹni tó ṣì ń mí. Sísítà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó pa ìdérí dé, ó di gbogbo rẹ̀ padà. Ó ku kabúrétọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e sáyè rẹ̀, oòrùn ọ̀sán gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó tàn tààrà sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, Sísítà sì rí ohun funfun kan nísàlẹ̀ ihò náà.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀mú ló bọ́ sí i, ẹ̀mú gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, gẹ́lẹ́ èyí tó fẹ́. Ó tì í bọ inú ihò, ó sì rọra fà á. Ohun náà ń bọ̀, ó ṣì ń bọ̀, títí ó fi jáde tán: gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti dúdú fún òróró ẹ́ńjìnnì.

"Kí nìyẹn?" ni oní-irin-àlòkù béèrè.

Sísítà rántí báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá ní kó dí ihò yẹn kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, òun sì gé gọ́ọ̀sì nínú àpótí oògùn ilé, ó fi dí i. Ó ka nọ́ọ̀tì. Ó ka sípíríǹgì. Kò ka gọ́ọ̀sì. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, gọ́ọ̀sì kan ò ṣẹ́kù sínú ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀. Oṣù méjì péré tí òun fúnra rẹ̀ di oníṣẹ́ abẹ, ó ti gbàgbé ọ̀kan sọ́nà ọ̀fun aláìsàn. Ojú tì í débi pé ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀, kò sì mọ èyí tí òun ń ṣe mọ́ nínú ẹ̀rín àti ẹkún.

Bàbá wọn fi ìka méjì gba gọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi sápò.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù nígbà tí Sísítà di bóòtù ìkẹyìn. Ó dìde, ó tẹ kíìkì, irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti jí ẹ́ńjìnnì. Kò sí ohun tó dún. Ó tún un tẹ̀. Alùpùpù dákẹ́ lọ gbári. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, òógùn bò ó, Bàbá wọn ń wo ilẹ̀.

"Mọ́mì," ni oní-irin-àlòkù wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn, "ṣé ẹ ti ṣí ẹnu epo, ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì?"

Sísítà wò ó. Ó tẹ̀ ba, ó yí ẹnu epo, ó tún tẹ kíìkì. Alùpùpù wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tu èéfín dúdú jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó bẹ́ẹ̀ tí ogójì ọmọ adìẹ dákẹ́ pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

"Èyí ti jí," ni oní-irin-àlòkù wí. "Èmi kì í ra ohun tó bá ń mí." Ó ń yí ọmọlanke rẹ̀ padà nígbà tí Bàbá wọn dì í mú lápá, ó bi í bóyá ó ní wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ. Ó ní kò sí nínú ọmọlanke, àmọ́ ó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun ní ìparí òpópónà.

Ariwo náà ló mú Má-fọwọ́-kàn-án wá. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. "Mọ́mì, nọ́ọ̀tì mi dà?"

"Tiyín ni?"

"Lọ́jọ́ tó bá ku ọ̀la kí ọmọṣẹ́ mi parí ni mo máa ń sọ ọ́ sínú abọ́ rẹ̀. Àwọn kan á fi sápò. Ẹnì kan tiẹ̀ fi òòlù gbá a mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ẹ̀yin nìkan lẹ tún máṣíìnì ṣí." Ó gba nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ. "Kí lẹ wá bá nínú ẹ̀?"

Sísítà la ẹnu.

"Kò bá nǹkan kan," ni Bàbá wọn wí, ọwọ́ kan nínú àpò. "Gbogbo ẹ̀ pé."

Sísítà yíjú wò ó. Òróró ti bo apá ọkọ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ta sí i ní iwájú orí pẹ̀lú. Ìgbà yẹn ló wá yé e pé láti aago méjì tí òun ti ń nawọ́ sẹ́yìn, òun kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sì mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó wà lẹ́yìn.

"Ẹ ṣé, Bàbá wọn," ó wí.

"Kí ni mo ṣe?" Ó tún ń wo ilẹ̀.

Sísítà gun alùpùpù, ó sún síwájú lórí ìjókòó, ó fọwọ́ lu ibi tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ gùn ún, ká lọ ra wáyà."

Bàbá wọn gbé páálí adìẹ lé Má-fọwọ́-kàn-án lọ́wọ́, ó ní kó bá òun dì í mú díẹ̀, ó sì gùn ún.