Aránbàtà Tí Ojú Ọmọ Rẹ̀ Di Àjèjì

Láti ọjọ́ tí aránbàtà ti já bọ́ lórí àkàsọ̀, tó forí sọlẹ̀, kò sí ojú kan tó tún dá mọ̀ láyé. Dókítà ṣàlàyé fún un pé: "Ojú yín ò fọ́, màmá. Ẹ ń rí imú, ẹ ń rí ẹnu. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, lápá ọ̀tún, tó máa ń kó wọn pọ̀ táá ní, 'Lágbájá nìyí.' Ibẹ̀ ló fara pa."

Kò torí ìyẹn pa iṣẹ́ tì. Bí oníbàárà bá ti lanu, á dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, á wo ibi tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí ilé ìwé parí tó lọ mú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọlọ́mọ ló fà lọ́wọ́ títí dé ìdí géètì. Igbe ọmọ náà ló jẹ́ kó mọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ti jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ẹ̀gbọ́n ló wá gbẹnu sọ fún un.

"Kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ìyá tí ò mọ ojú ọmọ tó bí, kí ló fẹ́ fi tọ́ ọ?"

"Ọwọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú kọ́ ló ń fọṣọ," ni aránbàtà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fèsì.

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọ̀gá, ó gbé e mì. "Màmá, tí ẹ bá tún mú ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

"Ẹ dán mi wò. Bí mo bá ṣì í mú, kó bá ẹ̀gbọ́n lọ."

Wọ́n to ọmọbìnrin mẹ́wàá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ kan náà, irun gígẹ̀ kan náà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ bọ́ bàtà!" ni ẹ̀gbọ́n ké. "Bàtà ló fẹ́ wò. Àbí iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Aránbàtà wo ojú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí àwo tí wọ́n tò sórí pẹpẹ ni wọ́n rí lójú rẹ̀. Ẹnì kẹta rẹ́rìn-ín músẹ́. Aránbàtà fẹ́ sáré gbá a mọ́ra, ó kó ara rẹ̀ níjàánu.

"Ẹ ní kí wọ́n kọ̀yìn sí mi, kí wọ́n máa rìn lọ."

Ó lóṣòó. Ẹnì kan ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, òmíràn ń tiro díẹ̀. Ẹnì kẹfà ń fi gìgísẹ̀ òsì gúnlẹ̀, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ń ṣíwájú bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Gìgísẹ̀ òsì yẹn! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pààrọ̀ gìgísẹ̀ bàtà òsì ọmọ rẹ̀ lọ́dún yìí.

"Ẹnì kẹfà ni."

"Ó dá ẹ lójú?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó dá mi lójú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, dá mi lóhùn!"

"Màámi, ilẹ̀ yìí tutù!"

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ sí ìta. Ọ̀gá ní, "Ẹ máa wá mú un fúnra yín, màmá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan á máa dúró tì yín."

"Mo gbà. Èmi náà á máa tètè dé. Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì rẹ̀?"

"Ọgbọ̀n."

"Màá mọ ìrìn gbogbo wọn." Ó tún lóṣòó. "Ẹ jẹ́ kí ẹnì kìíní tún rìn."