Kí Omi Má Kan Ojú

Dókítà Han fa abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ Mọ́wùnmí, ó nu ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀lé e.

"Má jẹ́ kí omi kan ojú yìí títí di ọ̀la."

Mọ́wùnmí ní òun ti gbọ́.

Lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọkùnrin ará Kòríà yìí ti ń fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún àpá irorẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè débẹ̀. Ó tún máa ń fún un ní omi ewé kíkorò mu. Oògùn ìbílẹ̀ Kòríà ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Lójú Mọ́wùnmí, àgbo ni àgbo ń jẹ́. Kó tó gún un lónìí, ó yẹ ahọ́n rẹ̀ wò, ó sì fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Ikùn rẹ tutù. Ṣé ìwọ nìkan lò ń jẹun ni?"

"Rárá o. Mo lérò nílé."

Irọ́ gbuu ni. Kí ló kan ikùn nínú ọ̀rọ̀ ojú? Ojú ló gbé wá, kò gbé ilé wá.

Ojú ọ̀hún ló ń já a láyà. Lọ́jọ́ tó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú: "Bí mo ṣe rán ọ lọ ni kí n ṣe rí ọ." Lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni irorẹ́ ti yọ sí i. Nígbà tó sì lọ, ó fi àpá dúdú sílẹ̀ bí ẹni fi èédú tọ́ ọ lójú. Láti ìgbà náà ló ti ń purọ́ pé fídíò fóònù òun bàjẹ́. Màmá ò bá a jà, torí awọ funfun ti ń bo ojú tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un báyìí. Òní ni wọ́n máa tú báńdéèjì, Màmá sì ti ní ojú Mọ́wùnmí lòun máa kọ́kọ́ rí.

Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Thamesmead. Yàrá rẹ̀ kọjú sí adágún Southmere. Àga méjì ló rà lọ́jọ́ tó kó débẹ̀. Ó ń jókòó sórí ọ̀kan, ó ń kó aṣọ lé èkejì.

Ìyèbíyè, àbúrò rẹ̀, pè é lórí fídíò. Mọ́wùnmí gbé e, ṣùgbọ́n ó pa fídíò tirẹ̀.

"Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ on fídíò yín. Wọ́n ti tú báńdéèjì Màmá, àmọ́ Màmá kọ̀, wọn ò lajú. Wọ́n ní àfi tẹ́ ẹ bá yọjú."

Mọ́wùnmí rí ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ó jókòó, ó di ojú pinpin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mọ́wùnmí wo ara rẹ̀ nínú dígí: ojú pọ́n, ó wú, gbogbo àpá náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é. Ó tan fídíò.

Màmá lajú. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Màmá, àwọn àpá yìí, mo ti ń tọ́jú ẹ̀..."

"Àpá wo?" Ìyá náà sún mọ́ fóònù. "Mọ́wùnmí, àga tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn kún fáṣọ. Níbo làlejò ń jókòó sí?"

Mọ́wùnmí yíjú wo àga náà. Kò rántí ẹni tó jókòó síbẹ̀ rí. Irọ́ tó pa fún dókítà ti dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Kò sẹ́ni tó ń wá, Màmá."

Omi ti ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀ kó tó rántí ohun tí dókítà sọ.